Ọ̀rọ̀ Ará Jàpáànù Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Igbó Àwátì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, ẹ fìdí balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ náà tán báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun ti fojú kan iwin rí. Ọdẹ́ríndé ni mí, ọmọ Ọdẹ́gbàmí, ọmọ ọdẹ tí í wọ igbó kí igbó má mọ̀. Ìbọn mi ti dún níbi tí ẹyẹ kì í ti í ké. Bí mo bá ní mo rí i, mo rí i ni.

Tísà Olúgbọ̀dé tó jókòó ti Ṣíjúadé àbúrò rẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn ló fa ìtàn yìí. Ó wá kí mi láàárọ̀, ó ní ọmọ òun tó wà lókè òkun ń kọ́ èdè àwọn ará Jàpáànù, pé ọmọ náà ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, pé iṣẹ́ náà le koko bí ojú ẹja. Mo rẹ́rìn-ín. Tísà rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Rárá o, mo rántí ni. Gbólóhùn Jàpáànù kan ṣoṣo ni mo túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láyé mi, gbólóhùn tí kò gùn ju ìka mi yìí lọ, ó sì kù díẹ̀ kó sọ mí di igi inú igbó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn mí.

Ìyá wa bí ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n èmi àti Ọdẹ́jídé àbúrò mi nìkan la dúró. Nígbà tí òyìnbó kó èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ sí ogun Bọ́mà, ọmọ tí kò lè gbé ìbọn ni mo fi sílẹ̀ nílé. Nígbà tí mo dé, géńdé ni mo bá, ọdẹ tí ẹran ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí í yà bàrá. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní fi bò fún yín, n kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni láyé mi tó bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá pa ẹran, èmi á gbé itan, òun á gbé orí, a ó máa kọrin bọ̀ wálé, ìyá wa á sì ti gbọ́ ohùn wa kí a tó yọ.

Ọjọ́ burúkú Èṣù gbomi mu, Ọdẹ́jídé yìnbọn fún ẹfọ̀n kan, ẹfọ̀n náà gbé ọgbẹ́ sá wọ Igbó Àwátì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọdẹ kì í wọ igbó yẹn. Ó wọ̀ ọ́. Kò jáde. Èmi àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wa lọ títí dé etí igbó, a bá fìlà rẹ̀, a bá bàtà ẹsẹ̀ kan tí ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, koríko ibẹ̀ sì pọ́n. Gbogbo wọn wojú mi. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ẹfọ̀n ni."

Olórí ọdẹ ní, "Ọdẹ́ríndé, ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀."

Mo ní, "Ẹfọ̀n náà tóbi, bàbá."

Nílé ńkọ́? Ẹ mọ ìṣe wa. Ta ló máa dúró níwájú ìyá arúgbó kó là á mọ́lẹ̀ fún un? Àwọn àgbà ní kí a ṣì máa fi ọ̀rọ̀ tù ú. Bí ìyá wa bá bèèrè ọmọ rẹ̀, wọn á ní, "Ó ń bọ̀, ìyá, ọ̀nà ló jìn." Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ìyá wa á bu oúnjẹ Ọdẹ́jídé sínú àwo, á fi àwo mìíràn dé e, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bílẹ̀ bá mọ́, á dà á fún adìẹ. Mo wo èyí títí ara mi kò gbà á mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Ìyá mi, màá mú un wálé." Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di Igbó Àwátì.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn ín, nítorí kò sí ọ̀nà níbẹ̀ tí ẹnu lè ròyìn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo ṣe wọlé báyìí ni iwin kan yọ sí mi, Ẹlẹ́nu-Méjì lorúkọ rẹ̀. Ó ga ju ọ̀pẹ lọ. Ẹnu kan wà lójú rẹ̀, ẹnu kejì wà níkùn rẹ̀. Tòkè ń rẹ́rìn-ín, tìsàlẹ̀ ń sunkún, àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn jà. Ẹnu òkè ní, "Káàbọ̀, ọdẹ, inú wa dùn sí ọ." Ẹnu ìsàlẹ̀ ní, "Irọ́ ló ń pa, ìyà ń jẹ wá, ebi ń pa wá, ìwọ la fẹ́ jẹ." Mo yìnbọn sí i. Ẹnu òkè gbé ọta mì, ó ní mo ṣeun. Mo pe gbogbo ọfọ̀ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, mo pè é títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Iwin náà kàn ń ṣe àmín ni. Mo wá ṣe ohun tí akọni í ṣe.

Mo sá.

Ta ló ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún? Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ, bí mo bá sì bógun lọ, ta ni ì bá máa pa ìtàn fún yín lónìí tí ẹ ó fi máa jẹ ẹ̀pà mi? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sá lọ, ẹnu ìsàlẹ̀ ń pariwo tẹ̀lé mi: "Ọdẹ, ìwọ náà lẹ́nu méjì! Tòkè nìkan lo ń lò!" Ẹni tó ń sá kì í jiyàn.

Sísá náà ló gbé mi dé etí odò kan tí omi rẹ̀ ń ṣàn gòkè. Ìyá arúgbó kan jókòó níbẹ̀, ó ń fọ aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀ rí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ. Ẹrù kan wà. Bí a bá gbé e pamọ́, ńṣe ló ń wúwo sí i. Bí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín ilé, gbogbo ilé á figbe ta, ṣùgbọ́n á fúyẹ́. Kí ni?"

Èmi tí a kò rí ẹni pa àlọ́ borí rí! Mo ní, "Oyún ni, ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ó ní, "O súnmọ́ ọn. Ṣùgbọ́n oyún ń bọ̀ ni. Èyí tí mo wí ti lọ." Ó ní nígbà tí n kò mọ̀ ọ́n, kí n kó gbogbo oògùn ara mi fún òun. Mo tú ońdè, mo yọ òrùka, mo bọ́ gbérí-ọdẹ lọ́rùn. Ó jù wọ́n sómi, omi gbé wọn gòkè lọ. Ó ní, "Máa lọ. Wàá mọ̀ ọ́n." Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí tòótọ́. Ọdẹ tí kò ní oògùn lára nínú Igbó Àwátì, kí ló kù tó fi yàtọ̀ sí ẹran? Mo ń rìn. Mo ń pe orúkọ Ọdẹ́jídé, igbó kò dáhùn. Ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sì ti ń sọ fún ara mi pé ìyá wa yóò máa bu oúnjẹ sínú àwo méjì báyìí.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ súfèé.

Súfèé gígùn kan, tẹ́ẹ́rẹ́, bí èyí tí Ọdẹ́jídé máa ń fọn sí mi nínú igbó kí n má baà ṣèèṣì yìnbọn lù ú. Ara mi gbóná. Mo sáré lọ síbẹ̀, gìrìgìrì, mo sì kan ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ni mo wí, pákó líle, ìṣó ńláńlá, ó dúró láàárín igbó. Kò sí ògiri lọ́tùn-ún, kò sí ògiri lósì, síbẹ̀ bí mo bá yí i ká, iwájú rẹ̀ náà ni mo ń bọ́ sí. Súfèé Ọdẹ́jídé ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ilẹ̀kùn náà sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni, Gẹ̀ẹ́sì ológun bíi ti ọ̀gá wa ní Bọ́mà. Ó ní òyìnbó kan tó ṣìnà wọ igbó láyé ọjọ́un ló kan òun, èdè tó ń sọ sóun nígbà tó ń kan òun nìkan lòun sì gbọ́. Ó ní, "Ọkùnrin tó jókòó síbí yìí ti dé ṣáájú rẹ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ láti ìgbà tó ti dé, n kò sì gbọ́ ọ. Sọ ọ́ fún mi ní èdè mi. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀. Bí o bá sọ ọ́, màá ṣí fún ẹ̀yin méjèèjì, oníkálukú á sì mú ẹni tó wá wá. Bí o kò bá lè sọ ọ́, jókòó tì í."

Mo bojú wolẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, gbòǹgbò igi ti wé e lẹ́sẹ̀ títí dé orúnkún. Mo rí aṣọ ọrùn rẹ̀, mo rí fìlà orí rẹ̀, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ gbé ìbọn sókè. Ará Jàpáànù ni! Ológun bíi tèmi, ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń pa ara wa nínú igbó Bọ́mà; ọ̀nà tó gbé e dé Igbó Àwátì, ẹ má bi mí. Kò mira. Ó na ìka sí àyà ara rẹ̀, ó ní òun ni Tamekíṣì. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó ní, "Otooto wa ṣinimaṣita."

Ẹ wò ó, inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fò sókè! Nítorí èmi Ọdẹ́ríndé ni wọ́n fi ṣọ́ àwọn ará Jàpáànù tí a mú lójú ogun, ẹnu wọn ni mo ti kọ́ èdè wọn díẹ̀díẹ̀. Omi, oúnjẹ, òjò, ìyá, àbúrò, ikú. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n mú lójú ogun máa ń sọ kò ju ìyẹn lọ. Mo gbọ́ gbólóhùn náà yékéyéké. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Tamekíṣì wá gbé, bí èmi náà ṣe wá gbé tèmi. Ohun tó sì ń wí ni pé àbúrò òun ti kú.

Mo wúkọ́ kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, mo dúró bí sọ́jà. Mo sọ fún ilẹ̀kùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé àbúrò ọkùnrin yìí ti lọ sí ìrìn-àjò tó jìn.

Ilẹ̀kùn ní, "Ìgbà wo ló máa dé?"

Mo gbọ́ tí súfèé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fà sẹ́yìn díẹ̀. Nǹkan kan sì di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú. Gbòǹgbò ni.

Mo ní ó tì, mo ṣì í sọ ni, àbúrò rẹ̀ ń sùn. Ilẹ̀kùn ní, "Ẹ lọ jí i." Súfèé tún fà sẹ́yìn. Gbòǹgbò dé orúnkún mi. Mo ní igi ńlá kan ló wó nínú igbó wọn. Ilẹ̀kùn ní, "Ẹ fi àáké gé e kúrò lọ́nà." Ẹ̀yin ará mi, mo bú sẹ́kún! Mo ní ṣé ilẹ̀kùn yìí kò ní bàbá ni? Ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé báyìí ni ọmọlúwàbí í ṣe é sọ? Mo ní iṣẹ́ Tamekíṣì ni mò ń jẹ́, kì í ṣe tèmi o, kí ilẹ̀kùn jẹ́ kó yé e pé kò kàn mí! Ilẹ̀kùn ní, "Ẹnu rẹ ni mò ń gbọ́." Gbòǹgbò dé itan mi. Súfèé ti di ohun tí mo ní láti mú èémí dúró kí n tó gbọ́.

Kí lo wí, Tísà? Sọ ọ́ sókè kí gbogbo ayé gbọ́.

"Mo ní kí ló wá le níbẹ̀, bàbá? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin péré ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé á sọ ọ́."

O káre. Àbúrò rẹ nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Di Ṣíjúadé lọ́wọ́ mú. Wò ó lójú báyìí. Ó yá, sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

Ẹ wò ó. Ẹ bá mi wo ojú tísà. Ṣíjúadé pàápàá ti fa ọwọ́ rẹ̀ gbà! Jókòó jẹ́ẹ́, Ṣíjúadé, kò ní sọ ọ́. Ta ni í sọ irú ẹ̀? Ẹnu tí a fi ń ṣàdúrà náà la fi ń gégùn-ún. Èmi tí mo mọ ohun tí ọfọ̀ ń ṣe, èmi tí súfèé àbúrò mi ń dún létí mi, kí n wá la ẹnu ara mi kí n sọ pé àbúrò mi kú? Bó bá wà láàyè lẹ́yìn ibẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹnu mi ló pa á ńkọ́? Bí n kò bá sì sọ ọ́, ilẹ̀kùn kò ní ṣí, màá hù síbẹ̀ bí igi, ìyá wa á kú sídìí àwo oúnjẹ. Kò sí ọ̀nà níwájú, kò sí lẹ́yìn. Mo kígbe pe bàbá mi tó ti kú. Mo kígbe pe Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó yọjú.

Tamekíṣì ń wò mí. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ojú mi ló ń gbọ́. Ó na ìka sí ilẹ̀kùn, ó wá na ìka sí àyà mi. Ó bi mí jẹ́jẹ́, "Otooto?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àbúrò mi ni.

Ọ̀tá mi yìí bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ti ara rẹ̀ ló ń sun, ó ti sun tirẹ̀ tán tipẹ́. Tèmi ló ń sun. Ó di ọwọ́ mi mú, omi ojú rẹ̀ ń kán sí i. Láti ọjọ́ tí Ọdẹ́jídé ti wọ igbó, kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó sunkún fún mi, nítorí n kò gbà kí wọ́n sun ún. Bí omi ojú yẹn ṣe ń kán sí mi lọ́wọ́ ni mo rántí bàtà ẹsẹ̀ kan náà, pé inú rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ kún.

Ẹfọ̀n kì í wọ bàtà.

Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Gbogbo wa la ti mọ̀. Mo gbé orí sókè, mo di Tamekíṣì lọ́wọ́ mú ṣinṣin, mo ní, "My brother is dead."

Ilẹ̀kùn ṣí. Kò dún, kò pariwo, ó kàn ṣí bí ilẹ̀kùn ilé ẹni. Gbòǹgbò tú lẹ́sẹ̀ àwa méjèèjì. Àbúrò mi wà lábẹ́ igi kan níbẹ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọgbẹ́ ìwo ẹfọ̀n wà ní ìhà rẹ̀, igbó kò sì jẹ́ kó bàjẹ́. Ẹsẹ̀ kan bàtà, ẹsẹ̀ kan òfìfo. Kèrègbè omi rẹ̀ gbé kọ́ sórí ẹ̀ka lókè orí rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni súfèé tí mò ń gbọ́. Mo jókòó tì í, mo gbé orí rẹ̀ lé itan, mo sunkún rẹ̀. Ọmọ kan tó wọ aṣọ ológun dùbúlẹ̀ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa. Àbúrò Tamekíṣì nìyẹn, ó gbé e. Oníkálukú gbé tirẹ̀ sẹ́yìn bí a ti í pọn ọmọ, a jọ rìn dé ibi tí ọ̀nà ti pínyà, a tẹríba fún ara wa, a kò sì tún fojú kan ara wa mọ́.

Ìyá wa wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé ìlú ní ìrọ̀lẹ́, àwo oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti fi Ọdẹ́jídé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ létí ìlú. Ìyá wa dìde. Ó fi oríkì pè mí, ó ní, "Àkàngbé, ọkọ mi, o káàbọ̀. Àbúrò rẹ ńkọ́?"

Olórí ọdẹ tó tẹ̀lé mi ti sáré síwájú, ó ní, "Ìyá, ẹ fara balẹ̀, ó ń bọ̀, ọ̀nà ló..."

Mo ní, "Ìyá mi, Ọdẹ́jídé kú."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ káwọ́ lérí. Olórí ọdẹ wò mí bí ẹni pé mo fi igi gún un lójú. Ìyá wa kò ṣubú. Ó dúró ṣinṣin, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí fìlà rẹ̀ ti wálé ni mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ ní ó ń bọ̀. Ẹ kò jẹ́ kí n rí ẹni bá mi sunkún."

Nígbà náà ló figbe ta, gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀, àdúgbò gbà á lẹ́nu ilé. Mo rántí arúgbó etí odò, mo sì mọ ẹrù tó ń wí. Nígbà tí igbe rọlẹ̀, ìyá wa nu ojú, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ṣí àwo oúnjẹ Ọdẹ́jídé, ó gbé e síwájú mi. Ó ní, "Jẹun. Ọ̀nà jìn." Mo jẹ ẹ́. Omi ojú mi ń kán sí i, mo ń jẹ ẹ́ títí ó fi tán.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi bá ìtàn yìí dé nìyẹn, n kò lè gbé e kọjá ibẹ̀. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ẹ dìde. Ṣíjúadé, dá ọwọ́ rẹ padà sínú ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Kí ẹ jọ máa lọ sílé.